Gọ́ọ̀mù Òòrẹ̀ Kò Tíì Gbẹ

Àlọ́ mi rèé o, ẹ bá mi gbà á! Ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀bọ lórí, Ọ̀bọ tí kò lè dúró kí ọbẹ̀ jiná.

Nígbà tí ìyàn mú, Erin ní ẹni tí ọfà rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun lódìkejì odò ni yóò kó gbogbo èso rẹ̀. Òòrẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ ìdí ọfà méjì, ó sá wọn sóòrùn. Ọ̀bọ fi téèpù wé tirẹ̀ wàràwàrà, ó ta á. Kò tíì dé àárín odò tí téèpù fi tú. Ìyẹ́ lọ lọ́tọ̀, ọfà já sómi.

Ọ̀bọ bá lọ jókòó ti Òòrẹ̀, ó ń kọrin, Òòrẹ̀ ń gbè é:

Òòrẹ̀ o, ṣé ó ti gbẹ?
Ó kù díẹ̀!
Ebi ń pa mí, ṣé ó ti gbẹ?
Ó kù díẹ̀!

“Díẹ̀ wo tún ni?” Bí Òòrẹ̀ ṣe yíjú, Ọ̀bọ gbá ọfà kan mú níbi ìyẹ́, ó fi fa ọrun, ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ọfà kò lọ. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kejì fà á, ìyẹn náà lẹ̀.

Nígbà tó yá, Òòrẹ̀ fọwọ́ kan ọfà tó kù wò, ó ta á. Ó lọ tààrà, ó gún igi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ibi tó ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ ló ti rántí aládùúgbò rẹ̀. Ó dárin:

Ọ̀bọ o, ṣé ó ti gbẹ?

Ọ̀bọ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹkún gbè é:

Ó ti gbẹ!