Alhaji Sàká, Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Ń Jẹ́ "Wọ́n"

Mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ohun kan ṣoṣo tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ náà ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Alhaji Sàká ti Peckham fẹ́ràn ọ̀wọ̀ ju oúnjẹ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ ti rí ikùn rẹ̀. Ó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, èrò díẹ̀ ló sì kí i. Bóyá láti ibẹ̀ ni ebi ọ̀wọ̀ ti ń pa á. Nígbà tí dókítà ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ó wọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó sì sọ ẹgbẹ́ náà di ilé ìwé.

Nusaybah ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. London ni wọ́n bí ọmọbìnrin yìí sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí irin, àmọ́ "ó" ni gbogbo ènìyàn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀, "ó". Lemọ́ọ̀mù, "ó". Àwọn ará ẹgbẹ́ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé ó tiẹ̀ ń gbìyànjú. Alhaji kò dúpẹ́ ní tirẹ̀. Níwájú ibùdókọ̀ Peckham Rye ló ti máa ń dá a dúró.

"Uncle Sàká is coming. Báwo lo ṣe máa sọ ọ́?"

"Ó ń bọ̀."

"Ta ni 'ó'? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Sorry, Uncle. Wọ́n ń bọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá."

Ọmọ náà á sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú àwọn èrò.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ kó kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gba Catford kọjá, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ ní Kent, ní àfonífojì odò Darent. Ọgbà àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì wà lára òkè ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáìnì kò kàn wọ́n. Ọ̀nà eléruku tó gba àárín àjàrà gòkè ni wọ́n bá wá. Ràfíátù, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ní kí Uncle Ọládiméjì àti àwọn tí orúnkún ń dùn gba ọ̀nà pẹrẹsẹ etí odò, kí àwọn yòókù gun òkè. Ó ní Nusaybah ni yóò kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìdajì òkè, Alhaji ti ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò dùn mọ́ ọn pé ọmọdé wà lẹ́yìn òun, tó ń wo ìdí òun.

"Kí ló dé tí o ń dà mí bí ẹran? Kọjá, máa lọ níwájú."

Nusaybah rán an létí ohun tí Aunty Ràfíátù sọ. Alhaji ní kò sí Aunty kankan tó dàgbà ju òun lọ lórí òkè yìí. Ó sì kó fóònù rẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, torí pé òun kò lè máa gbé ẹrù nígbà tí ọmọdé wà níbẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó lọ.

Ràfíátù ń dúró lẹ́nu géètì lókè. Ó béèrè pé àwọn tó kù ńkọ́.

"Wọ́n ní ká máa lọ," ni Nusaybah fi dáhùn. "Wọ́n ń bọ̀."

Ràfíátù mọ bí ọmọ yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá pe "wọ́n", èèyàn ti ju ẹyọ kan lọ nìyẹn. Ó gbà pé Alhaji ti yí padà bá àwọn Ọládiméjì, pé àwọn ló ránṣẹ́. Ó tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí Alhaji rí i pé kò sí ẹni tó ń wo òun mọ́, ó tú bíréèkì sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Táyà iwájú kó sínú ipa katakata. Kẹ̀kẹ́ dúró. Alhaji kò dúró. Ó balẹ̀ sáàárín igi àjàrà, wáyà tí wọ́n fi gbé àjàrà ró sì há tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́bẹ̀. Ó pariwo títí. Àwọn ẹyẹ nìkan ló dá a lóhùn, wọn kò sì kúnlẹ̀.

Wákàtí kan kọjá. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó mọ àìsàn rẹ̀: bí kò bá jẹun, tó bá sì sùn lọ, ó lè má jí mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì ti bá Nusaybah lọ. Èso àjàrà rọ̀ lókè orí rẹ̀, kò sì sí olóko nítòsí tí Alhaji lè tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaji ní bisimilahi, ó na ọrùn, ó sì ń fi ẹnu já a jẹ bí ewúrẹ́ gan-an. Ìyẹn ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìdì kọ̀ọ̀kan.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Kent, níbi tí ẹgbẹ́ ti tún pàdé, Ràfíátù bi Ọládiméjì pé Alhaji dà.

"Alhaji wo? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà."

Gbogbo ojú yí sí Nusaybah. Ó ní òun ti sọ ọ́, wọ́n ní kí àwọn máa lọ.

"Àwọn wo?"

"Uncle Sàká."

Ràfíátù ti ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. "Láti ìgbà wo lo ti ń pe ẹnì kan ní 'wọ́n'?"

"Láti Sátidé tó kọjá."

Wọ́n sáré padà sórí òkè. Bethany, ọmọbìnrin kan tó ń ká àjàrà níbẹ̀, ti rí Alhaji kó tó di pé wọ́n dé. Ó béèrè orúkọ rẹ̀; ó gbọ́ Sàká sí Jack. Alhaji sì jẹ́ Jack láìjiyàn. Inú ọkọ̀ tí katakata ń fà ni wọ́n ti bá a, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ àjàrà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Nusaybah kúnlẹ̀ sínú eruku. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O ò jẹ̀bi," ni Alhaji wí. "Àmọ́ tí mo bá tún ṣubú, 'ó' ni kó o pè mí. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹyọ kan ni mí, kí wọ́n wá mi."

Ọmọ náà yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni Alhaji fi gbà á.

"Ẹ ṣé o," ló wí.

Nusaybah bojú wẹ̀yìn, kó lè mọ ẹni kejì tó wà níbẹ̀.

Dókítà ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Alhaji di ọdún tó ń bọ̀. Ní gbogbo Sátidé, ó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ní Peckham Rye, òun ló ń bá àwọn èwe ẹgbẹ́ mú báàgì àti fóònù wọn dání.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí a má fi ipá gba ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀wọ̀ ju ìtọ́jú lọ lè rí ọ̀wọ̀ náà gbà pérépéré, kó sì dá wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú kòtò. Kí a jẹ́ kí ọmọdé tó fẹ́ràn wa wà lẹ́yìn wa, kí a sì tètè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni. Bí Alhaji bá sì bi yín léèrè ẹni tó sọ ọ́, ẹ ní "wọ́n" ni.