Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Kẹ̀kẹ́

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn ti dojú dé lórí òkun Mẹditaréníà, tí omi sì gbé Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ, Ògúndélé kì í fẹ́ rí òkun mọ́. Ṣùgbọ́n orí òkè ni oko ọsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ítálì wà, etí òkun sì ni yàrá rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀nà dá páropáro. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, kẹ̀kẹ́ ṣàdédé wúwo bíi pé èèyàn jókòó sẹ́yìn. Omi tútù ń kán sí i lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Ọwọ́ méjì wá rọra gbá a mú níbàdí.

"Àjàní, rọra máa wà á."

Mọ́rẹ́nikẹ́ nìkan ló ń fi oríkì pè é. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé òtútù ò mú ẹ?" Ògúndélé bi í.

"Ó ń mú mi."

Nígbà tó gbọ́ ìró ìgbì òkun, ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó kọjú sí òkè, ó ń fi gbogbo agbára wà á.

"Àjàní, ibí ni màá ti sọ̀ kalẹ̀."

"Má sọ̀ kalẹ̀, jọ̀ọ́!" Ó di ọwọ́ náà mú pinpin.

Ọwọ́ náà di omi mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ sì fúyẹ́.