Télọ̀ Tó Pe Ìdin Abẹ́ Koríko Ní Oògùn Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Télọ̀ kan wà tó gbin koríko síwájú ilé. Kì í ṣe koríko lásán o! Ó tẹ́ rẹrẹ, ó tutù, ó dọ́gba bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ará àdúgbò ń pè é ní Baba Oníkoríko, orí rẹ̀ sì ń wú. Kí ìyìn lè pọ̀ sí i, ó so gílóòbù ńlá kan síbẹ̀, tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ọ̀bọ̀ùnbọ̀un rí iná, wọ́n rọ́ wá, wọ́n sì ń yé ẹyin sínú ilẹ̀. Ta ló ń wo kòkòrò nígbà tí ìyìn bá ń dùn mọ́ni?

Àbúrò rẹ̀, káfíńtà, ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ìyá wọn ti kú, télọ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Káfíńtà ti rí ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ó sì ti ń kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa lò.

2.
Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Télọ̀ bu omi sí i títí, kò gbọ́. Àwọn ẹyẹ ń tú ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń sọ wọ́n lókùúta. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹyẹ ń wá. Ọwọ́ ayé ló fọkàn sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìdí koríko tó pọ́n.

"Kí lò ń rì sínú ilẹ̀ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ri nǹkan kan o. Mò ń hú u wò ni. Ilẹ̀ yìí rọ̀ jù, bóyá nǹkan ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Èmi tí mo tọ́ ẹ? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!"

"Ẹ gba ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ wò fúnra yín."

"Kí n fọwọ́ kan oògùn ẹ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kó ẹrù ẹ jáde!"

Ọmọkùnrin náà kó òòlù àti ayùn rẹ̀, ó ń sunkún lọ.

3.
Ẹnu télọ̀ ò wá dákẹ́. Gbogbo ẹni tó wá wọn aṣọ ló ń sọ ọ́ fún: "Àbúrò mi ri oògùn mọ́lẹ̀ síwájú ilé mi." Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé etí ìyá ọmọbìnrin yẹn. Ìyá ní òun ò bímọ fún olóògùn. Ìgbéyàwó fọ́ yángá.

4.
Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, télọ̀ fi réèkì eléyín irin ha koríko tó ti kú. Gbogbo rẹ̀ ká bí ẹní, kò ní gbòǹgbò kankan mọ́. Ìdin funfun olórí pupa, tó jáde látinú ẹyin ọ̀bọ̀ùnbọ̀un, ló kún abẹ́ rẹ̀, wọ́n ká kò, wọ́n sanra.

"Yéè! Mo gbé!"

Ó bù wọ́n sínú abọ́, ó sáré tọ àbúrò rẹ̀ lọ. "Àbúrò mi, kòkòrò ni! Dárí jì mí."

Àbúrò wo abọ́. "Ohun tí mò ń wá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ẹ gbé e lọ fi han ìyá ọmọbìnrin yẹn."

Ó gbé e lọ. Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu.

"Bàbá, ẹ pẹ́. Ọmọ wa ti wà nílé ọkọ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní koríko tàbí ọgbà, bó bá ń pọ́n láìka omi sí, ẹ fà á wò. Ẹ gbẹ́ ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ìdin ò bá pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ. Bó bá pọ̀, ẹ ṣà á, ẹ jẹ́ kí adìẹ jẹ ẹ́, ẹ pa iná alẹ́. Ẹ má da oògùn apakòkòrò sí i láìbi ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ wo ìdí nǹkan kẹ́ ẹ tó na ìka sí ọmọ ìyá yín. Koríko tó kú ṣeé tún gbìn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.