Òdòdó Tí Télọ̀ Fà Tu

Àìmọ̀ kọ́ ló kó bá télọ̀ kan, àìbéèrè ni. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ọkùnrin náà tí kò ní gbà mọ́ yín lẹ́nu. "Má wulẹ̀ sọ ọ́, mo ti mọ̀," ni tirẹ̀, títí àwọn aládùúgbò fi sọ ọ́ ní Má-wulẹ̀-sọ. Ojú lásán ló fi ń wọn ṣòkòtò fún oníbàárà. Bí ṣòkòtò bá fún, á ní oníbàárà ló sanra lẹ́yìn tó gbé aṣọ wá.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá ṣì ń gbé e, ó gbin ẹ̀kúnwọ́ hóró òdòdó kan sábẹ́ igi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Inú igbó tó wà nítòsí ilé tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ti ṣa hóró náà wá fún un, wọ́n sì ti gé igbó yẹn tán pátápátá. "Òdòdó yìí máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀," ni ìyá wí. "Mo fẹ́ fojú rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ." Kí ó tó yọ, ẹsẹ̀ ti kọ̀, ìyá di ẹni orí ibùsùn.

Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, nǹkan yọ lábẹ́ igi, àmọ́ oríṣi méjì ni. Ọ̀kan tín-ín-rín, ewé kan ṣoṣo, bíi koríko. Èkejì sanra, etí ewé rẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn, ó ń dán, ó sì wuni. Àbúrò télọ̀ obìnrin, alágbàfọ̀ tó máa ń wá wẹ ìyá wọn nírọ̀lẹ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, èwo ni òdòdó níbẹ̀?"

"Èyí tó sanra ni. Èpò lèyí tó kù."

"Ẹ jẹ́ ká já ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ fi han Màámi. Ṣebí àwọn ló gbìn ín."

"Má wulẹ̀ sọ ọ́, mo ti mọ̀. Má lọ dà wọ́n láàmú. Ó ti rẹ̀ mí, jọ̀ọ́."

Òótọ́ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ máṣíìnì, àwo tún wà nílẹ̀ tí yóò fọ̀, ìyá sì wà níbẹ̀ tí yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ irú àárẹ̀ yẹn. Àmọ́ ògiri kan péré ló wà láàárín igi náà àti ibùsùn ìyá. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tó mọ ọ̀nà sì wà nínú ilé.

Nígbà tó wọlé, ìyá bi í pé, "Ṣé wọ́n ti yọ?"

"Wọ́n ti yọ, Màámi. Wọ́n ń dán gbinrin."

"Já ewé kan wá kí n wò ó."

"Ó di ọ̀la."

Ọ̀la di ọ̀tunla. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ fúyẹ́, Má-wulẹ̀-sọ fa gbogbo eléwé tín-ín-rín tu, ó sì dà wọ́n sínú iná pẹ̀lú pàǹtí. Ó bomi rin àwọn tó sanra, ó kó ìgbẹ́ adìẹ sí wọn nídìí. Wọ́n ga, wọ́n kún, orí télọ̀ sì ń wú.

Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ yọ ìtànná, òun àti àbúrò rẹ̀ fi àga gbé ìyá jáde. Ìyá rẹ́rìn-ín, ohun tí wọn kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò ríran dáadáa mọ́, ló bá nawọ́ kan ewé náà. Kíá ló fa ọwọ́ padà. Ọwọ́ ti ń wú.

"Èsìsì nìyí," ni ìyá wí. "Ọmọ mi, èsìsì lo ń bomi rin. Àwọn tó dà bíi koríko ńkọ́, eléwé kan?"

Télọ̀ kò lè gbójú sókè. "Mo ti fà wọ́n tu, Màámi. Mo rò pé èpò ni."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìyá kò bínú, kò sì sunkún. "Ó rẹ̀ mí," ló wí. "Ẹ gbé mi wọlé." Kò béèrè ọgbà mọ́ láti ọjọ́ náà, òjò míì kò sì bá a láyé.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Má-wulẹ̀-sọ gbẹ́ abẹ́ igi náà títí, kò rí hóró kan. Ó ní òun á kúkú ra irú rẹ̀, kí òun gbìn ín sójú oórì ìyá òun. Ó tọ obìnrin kan tó ń ta òdòdó lọ.

"Kí lorúkọ òdòdó tí ẹ ń wá?"

"N kò mọ̀."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

Télọ̀ mi orí. Gbogbo ìgbà tí ìyá fi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn, kò bi í rí. Obìnrin náà ní kó padà wá bó bá rántí, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ kì í rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kò sí bó ti lè rẹni tó, ẹnu ṣì lè béèrè. Ohun tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ má fà á tu. Ẹ kọ́kọ́ fi han ẹni tó gbìn ín. Ẹ bi àwọn òbí yín ní ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń dáhùn, torí ẹni tó ti lọ kì í fèsì, bó ti wù ká kígbe tó.