Káfíńtà Tó Fi Orúkọ Rẹ̀ Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Káfíńtà kan wà ní Ìgbòho tó ń jẹ́ Oyèdòtun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ pọ̀ ju pákó inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kí i, á kọ́kọ́ wò yín látòkè délẹ̀ kó tó dáhùn.

Àìsàn kan ń bá a fínra. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀, àyà rẹ̀ á já pà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Oníbàárà kan pè é níbi tó ti ń gé pákó, díẹ̀ ló kù kí ayùn gé àtàǹpàkò rẹ̀ jábọ́. Bí ọwọ́ káfíńtà bá lọ, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ? Ó mu àgbo títí, ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní aládùúgbò òun ló ń ṣe òun. Pàbó ló já sí.

Dókítà ní kó lọ rí Nọ́ọ̀sì Motúnráyọ̀, ẹni tó máa ń bá àwọn tí ìpayà ń dà láàmú sọ̀rọ̀ títí wọn á fi rí ohun tó fà á. Wọ́n bi Oyèdòtun lórúkọ, ó ní Súnkànmí. Wọ́n bi í lórúkọ ìyá, ó parọ́ ìyẹn náà. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ ìyá èèyàn ṣe?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó jókòó síta, ó ń dúró. Nọ́ọ̀sì pè é látinú yàrá, "Ọ̀gbẹ́ni Súnkànmí!" Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, baba ò mira. Obìnrin náà jáde, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní àyà yín máa ń já bí wọ́n bá pè yín, sà. Àbí orúkọ yín kọ́ nìyí ni?"

Ojú tì í, inú sì bí i. "Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?"

"Kò sóhun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ fi í sápò yín. Ẹ ṣáà sọ ẹni tó pè é, tí àyà yín kọ́kọ́ já."

Oyèdòtun bú sẹ́kún, ó sì ròyìn rẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé bí oòrùn bá kàn tàrí, tí ẹni tí kò rí bá pè é, kó má dáhùn, iwin ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kọ́lápọ̀, ló já sí kànga, tó ń ké pè é fún ìrànlọ́wọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

"Ọmọ tó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu lẹ jẹ́," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á, sà."

Láti ọdún náà wá, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, torí kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kò sàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo o. Oṣù mẹ́fà ló fi ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pè é látẹ̀yìn ilé, àyà rẹ̀ sọ díẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó sì fi gbogbo ohùn dáhùn pé, "Hòo!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ wá ohun tó fà á lọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ fẹ́ni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.