Ọwọ́ tí Àrìnpé Kò Fẹ́ Ṣẹ́

Ọwọ́ Àrìnpé ti tún wú. Bàdírátù rí i nígbà tí àwọn méjèèjì ń so bẹ́líìtì wọn lẹ́yìn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọ́ kàràté ní Bódìjà. Àrìnpé yára fa apá aṣọ funfun náà bò ó.

"Ó tún ṣe é, àbí?" ni Bàdírátù bi í.

"Ilẹ̀kùn ló gbá mi."

"Ilẹ̀kùn yín mà le o. Ó tún ní èékánná."

Àrìnpé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàdírátù mọ irú ẹ̀rín yẹn. Òun náà ti rín in rí, nígbà tó wà nílé ọkọ ní Òjóò, kó tó kó ẹrù rẹ̀ sá lọ sí Challenge. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ kàràté ni àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́kun jíjá bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn.

Olùkọ́ wọn, Sẹ́ńséì Olúgbádé, ní kí gbogbo wọn kúnlẹ̀, kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa mí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ṣẹ́ nìkan kọ́ la wá kọ́ níbí o," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́ ọkàn wa sọ́nà."

Ètè Àrìnpé ń mì. Ó ń gbàdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn, Sẹ́ńséì kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń yọ ọwọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú, tí yóò sì ṣẹ́ ọwọ́ onítọ̀hún láti ìgbọ̀nwọ́. Àrìnpé yọ ọwọ́ tirẹ̀, ó bá dúró.

"Parí ẹ̀, màdáámù!"

"Sẹ́ńséì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí èyí tí kò ní dun ẹni tó di èèyàn mú? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣèṣe."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú bí Bàdírátù.

"Wọ́n! Ẹni tó ń ya ẹ́ lára lo tún ń bọ̀wọ̀ fún! Àánú ẹ yìí ló máa pa ẹ́."

Sẹ́ńséì họ orí. Ó pe Àrìnpé sí kọ̀rọ̀ kan, ó sì kọ́ ọ ní òmíràn tí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Wọn ò tíì parí nígbà tí ọkọ Àrìnpé pè é lórí fóònù. Ó gbọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Mo ti ń bọ̀, Dádì Tiwalọlá. Ẹ má bínú." Ó ró ìró lé ṣòkòtò funfun náà, ó sáré jáde. Ó ti sọ fún Bàdírátù rí pé Sátidé tí ọkọ òun bá wà nílé nìkan lòun lè rìn jáde.

Bàdírátù sáré tẹ̀ lé e, wọ́n jọ wọ takisí.

"Máa bá mi lọ sí Challenge lónìí. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ mi."

"Mi ò lè lọ."

"Kí ló dè ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Mo ti ṣèlérí níwájú Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ò ní kó o kú síbẹ̀."

"Mi ò fẹ́ kí aráyé gbọ́, Bàdírátù. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi wá orúkọ rere."

"Orúkọ ta ni? Orúkọ ẹni tó ń lù ẹ́?"

Àrìnpé kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi dé Akobo.

Irin dí gbogbo fèrèsé ilé náà. Adéfọlárìn, ọkọ rẹ̀, ló ṣí géètì; ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Bí wọ́n ṣe wọlé tán ló tún ti àgádágodo padà. Àyà Bàdírátù já. Nígbà tí wọ́n dé pálọ̀, ó rí àgádágodo mìíràn lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run? Ẹ ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé bí adìyẹ, ẹ tún ń lù ú!"

Adéfọlárìn wo ìyàwó rẹ̀. Àrìnpé rọra mi orí pé rárá. Ọkùnrin náà tẹrí ba.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò jókòó! Àrìnpé, lọ kó aṣọ ẹ. Ẹ ṣí géètì yẹn, àbí kí n kígbe fún gbogbo àdúgbò."

Ó ti múra ìjà, ẹsẹ̀ kan ṣíwájú, ìkúùkù méjèèjì sókè. Ìgbà náà ni nǹkan gbá ilẹ̀kùn yàrá inú gbàmù láti ẹ̀yìn, ó sì tún un gbá. Àrìnpé nu ojú rẹ̀, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó lọ ṣí i.

Ìyá arúgbó tínínrín kan tó wọ búláòsì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lódì ló fò mọ́ ọn, tó ki èékánná bọ ọwọ́ rẹ̀ tó wú, tó dì í mú, tó ń ké pé olè ti wọlé, Àrìnpé sì rọra yọ ọwọ́ náà, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì, kì í ṣe olè, èmi Àrìnpé tí ẹ bí ni."