Ìrìn Àjò Ẹ̀yìn Ìdánwò

Kexin parí ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹfà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá, ìyá àti ọmọ, lọ fún ojú lóúnjẹ: láti Zhengzhou, ìlú wọn, dé ìlú Luoyang, kí wọ́n gun òkè Huashan, kí wọ́n sì parí rẹ̀ sí Xi'an. Kexin mọ ohun tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó ṣe ìdánwò lọ́dún tó kọjá lọ irú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe délé báyìí ni àwọn òbí wọn kọ ara wọn sílẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ sunkún kó tó ṣe ìdánwò, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń fara dà á.

Ó pinnu pé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló ní láti fi dá àwọn òbí rẹ̀ padà sọ́wọ́ ara wọn.

Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí àwọn méjèèjì kò ṣeé mú jáde. Bàbá rẹ̀, Shen Laifu, ń fi eyín pa kóró sunfláwà láti inú ọkọ̀ títí dé iwájú àwọn ère òkúta Luoyang. Ìyá rẹ̀, Fan Guizhen, kó ìborùn sílíìkì méje wá, torí pé kò lè ya fọ́tò kan kó má ju ọ̀kan sókè bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kexin ń yínmú sí wọn, ó ń rìn níwájú kí èèyàn má baà mọ̀ pé òun ló ni wọ́n.

Ẹni tó wá burú jù ni dírẹ́bà. Hu lorúkọ rẹ̀, ìyá Kexin ló wá a rí. Ó ń mu tíì látinú ìgò tí ewé kún dé ìdajì, ó sì ń kun orin láìdákẹ́. Kexin kò kà á sí èèyàn.

"Hu, lọ ra omi wá."

"Kexin! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?" ni ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Bọ̀ọ̀dá Hu ni kó o máa pè wọ́n."

"Mọ́mì, dírẹ́bà tá a háyà ni. Àbí kí n tún wá kúnlẹ̀ fún un?"

Hu ti lọ ra omi náà.

"Ọ̀gá Shen" ló ń pe bàbá, "Kexin" ló ń pe ọmọ. Ìyá nìkan ni kò lórúkọ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á kàn wúkọ́. Kexin ka ìyẹn mọ́ àìlẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, kí ìyá rẹ̀ tó sọ pé èébì ń gbé òun, Hu ti mú atalẹ̀ gbígbẹ jáde látinú àpò. Ọgbọ́n kí wọ́n lè tún háyà òun ni, Kexin sọ fún ara rẹ̀.

Yàrá méjì ni wọ́n gbà ní òtẹ́ẹ̀lì: ìyá àti ọmọ nínú ọ̀kan, bàbá àti dírẹ́bà nínú èkejì.

"Dádì, ẹ̀yin àti Mọ́mì ẹ wà pọ̀. Mo lè dá wà."

"Mo máa ń hanrun," ni bàbá rẹ̀ dáhùn.

Hu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ta táyà ọkọ̀ wò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe táyà.

"Dírẹ́bà lẹ wá ń bá sùn, Dádì?"

"Bó o láṣọ tó àgbà, o ò lè ní àkísà tó àgbà," ni ìyá rẹ̀ sọ. "Gbé báàgì ẹ wọlé."

Láti ọdún mẹ́ta ni àwọn òbí rẹ̀ kò ti jà mọ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lórí ife tíì kọ̀ọ̀kan bí àlejò. Kexin rántí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ àwo, ó sì mọ̀ pé irú àlàáfíà yìí kò dára. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Lórí òkè Huashan, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ń ti àgádágodo mọ́ ṣéènì kí ìfẹ́ wọn má baà tú, ó ra ọ̀kan, ó sì ní kí Hu lọ bá òun gbẹ́ orúkọ àwọn òbí òun sí i lára. Hu lọ, ó gbẹ́ ẹ wá. Kexin tún na fóònù sí i.

"Dádì, ẹ sún mọ́ Mọ́mì. Ẹ fọwọ́ lé wọn léjìká. Hu, yà wọ́n."

Orí àwọn méjèèjì kò sí nínú fọ́tò náà.

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe!"

"Má bínú," ni Hu sọ. "Atẹ́gùn ni."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ṣéènì mú, ìyá rẹ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Kexin ti rí wọn kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé iṣẹ́ òun ti ń so èso.

Ní Xi'an, ọbẹ̀ àgùntàn ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án, èyí tí oníkálukú máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ rún búrẹ́dì sínú abọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti búrẹ́dì tirẹ̀ sí iwájú Hu láìwojú rẹ̀, Hu sì ń rún un wẹ́wẹ́. Èyí dùn mọ́ Kexin: ìyá òun ti wá mọ bí a ṣe ń lo dírẹ́bà. Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ara yín sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdánwò mi lẹ ń dúró dè. Ẹ ò rí bẹ́ ẹ ṣe rẹ́rìn-ín lórí òkè? Ìfẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Hu dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọkọ̀."

"Jókòó," ni bàbá Kexin sọ fún un. "Ọ̀rọ̀ tìẹ náà ni."

Kexin pòṣé. "Kí ló kan dírẹ́bà níbẹ̀?"

"Kexin," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, "ó pé ọdún mẹ́ta báyìí tí èmi àti bàbá ẹ ti kọ ara wa sílẹ̀, nítorí ìdánwò ẹ la fi ṣì jọ ń gbélé, ọkọ mi sì ni Hu tó jókòó yìí, òun ló ní ká má tíì sọ fún ẹ, ká kọ́kọ́ jọ rin ìrìn àjò yìí, kó o lè mọ irú èèyàn tóun jẹ́, kóun náà sì lè mọ irú èèyàn tó o jẹ́."